Àlọ àti Àbọ̀: Ìrìn Òfurufú láti Èkó dé New York

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá bá yín lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìyẹn sá. Ìṣirò náà kò le ju ti ìyá tí ń ṣírò owó gaàrí lọ́jà. Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí a jọ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọkọ̀ òfurufú kan gbéra ní Èkó ní agogo 11 alẹ́ ọjọ́ Ajé nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, ó forí lé New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé yóò gúnlẹ̀ ní agogo 4 ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ fi ìka kà á: wákàtí 5 àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ náà ń padà bọ̀, ó kúrò ní New York ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ó sì balẹ̀ ní Èkó ní agogo 8 ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ tún kà á: wákàtí 16 àti ààbọ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni, irú ọkọ̀ kan náà ni. Èé ṣe tí àlọ fi yá tó bẹ́ẹ̀, tí àbọ̀ sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ọkọ̀ náà sáré bí ẹṣin lọ ni, tí ó sì wọ́ bí ìgbín bọ̀?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá yẹ ìrìn náà wò dáadáa, a ó rí i pé àlọ gan-an ni ó pẹ́ ju àbọ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì kò purọ́. Àwa ni a kò tí ì gbọ́ èdè tí ó ń sọ. Ẹni tí kò bá sì gbọ́ èdè náà lè ṣe àṣìṣe tí yóò dùn ún. Ó lè lọ pàdé àlejò ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ tí àlejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ó lè lo oògùn rẹ̀ ní àsìkò tí kò yẹ. Ó sì lè fi fóònù jí ọmọ rẹ̀ láàárín òru, kí àyà ọmọ já pé bóyá aburú kan ti ṣẹlẹ̀ nílé.

Ohun mẹ́ta ni a ní láti mọ̀: bí ọ̀nà náà ti gùn tó, bí ọkọ̀ ti ń sáré tó nínú ẹ̀fúùfù tí ó bá pàdé, àti ohun tí aago ń sọ ní ìlú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni gígùn ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wá ọsàn kan àti fọ́nrán òwú kan. Ọsàn náà ni ayé wa, nítorí pé ayé rí róbótó. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ó kọjá àárín ọsàn náà díẹ̀ sókè, kí ẹ pe ibẹ̀ ní Èkó. Ẹ lọ sókè, kí ẹ sì yà sí apá òsì, ẹ sàmì mìíràn síbẹ̀, kí ẹ pè é ní New York. Ẹ wá na òwú láti àmì kan dé èkejì, kí ẹ fà á le. Ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàárín ìlú méjèèjì.

Lórí ilẹ̀ ayé gan-an, irú òwú bẹ́ẹ̀ yóò gba òkè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, yóò kọjá lókè Burkina Faso, Mali àti Mauritania, kí ó tó bọ́ sórí Òkun Àtìláńtíìkì. Láti ibẹ̀, omi ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé New York. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 8,450 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 5,250 máìlì. Ojú ọ̀nà láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 130 kìlómítà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìwọ̀n ọ̀nà New York yóò lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ní ìgbà 65.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí àwòrán ayé tí ó wà lára ògiri kíláàsì wa, ọ̀nà tí rúlà gbà kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ sọ yìí.” Òótọ́ ni. Ẹ bó ọsàn yẹn, kí ẹ gbìyànjú láti tẹ́ èèpo rẹ̀ pẹrẹsẹ sórí tábìlì. Dandan ni kí ó ya, tàbí kí ẹ nà án níbì kan. Bákan náà ni àwọn tí ń ya ayé sórí bébà ṣe ń na ibì kan kí ó lè tẹ́, nítorí náà ìlà tí ó tọ́ lórí bébà kì í sábà jẹ́ ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ ní ayé. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó ti London lọ sí Los Angeles fi máa ń gba òkè Greenland, ilẹ̀ yìnyín, tí ẹnu sì ń ya èrò tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà àbùjá wà. Òwú orí ọsàn ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba rúlà orí bébà gbọ́.

Ohun kejì ni eré ọkọ̀. Ọkọ̀ òfurufú ńlá tí ń gbé èrò kọjá òkun máa ń sáré tó nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ mú pẹ́ńsù. Bí a bá fi 900 pín 8,450, a ó rí wákàtí 9 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 23. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ tí kò dúró lọ́nà láti Èkó lọ sí New York yóò lò tó wákàtí 11 sí 12. Bí ó bá ń padà bọ̀, yóò lo nǹkan bí 10 sí 11. Níbo ni àwọn wákàtí tí ó lé yìí ti wá?

Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nílẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́ ni a ti ń ka àkókò, títí yóò fi dúró níbi tí èrò yóò ti sọ̀. Díẹ̀ ń lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè àti nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí kì í sáré tó 900 nígbà náà. Díẹ̀ tún ń lọ nítorí pé awakọ̀ kì í tẹ̀lé òwú náà gẹ́lẹ́. Ó lè yà fún ìjì, ó sì gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà òfurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè ti là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀. Kí ni ó wá fi nǹkan bí wákàtí kan kún àlọ?

Ẹ̀fúùfù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí Odò Ọya rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ń bá odò ṣàn kì í ṣe wàhálà púpọ̀. Ẹni tí ń wakọ̀ lòdì sí odò ni òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Odò wà lójú ọ̀run pẹ̀lú, ṣùgbọ́n odò ẹ̀fúùfù ni. Ní nǹkan bí kìlómítà 9 sí 12 sókè, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń fò sí, ẹ̀fúùfù líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ó sábà máa ń sáré ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, nígbà mìíràn a máa kọjá 300. Ìgbà òtútù wọn ni ó máa ń le jù. Kò sí lókè ilẹ̀ tiwa níhìn-ín bẹ́ẹ̀. Ìhà àríwá, ní apá New York, ni ọkọ̀ wa ti ń pàdé rẹ̀.

Ará Japan kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wasaburo Oishi ti rí odò ẹ̀fúùfù yìí tipẹ́. Láàárín ọdún 1923 sí 1925, ó ń fi àwọn rọ́bà ńlá tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ sí nínú ránṣẹ́ sójú ọ̀run, ó sì ń wo bí ẹ̀fúùfù ṣe ń gbé wọn lọ. Kí gbogbo ayé lè ka iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ ní èdè Esperanto, èdè tí a dá sílẹ̀ kí ó lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tí ó gbọ́ èdè náà kò pọ̀, iṣẹ́ náà kò sì tàn kálẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà fò ga lókè ilẹ̀ Japan ní ọdún 1944, ẹ̀fúùfù náà bá wọn lójijì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ẹ̀fúùfù náà wà, ẹ jẹ́ kí a fi í sí 50 kìlómítà péré ní wákàtí kan fún gbogbo ìrìn náà. Ní àlọ, ó ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn: 900 dín 50 jẹ́ 850. Bí a bá fi 850 pín 8,450, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí 10. Ní àbọ̀, ó ń ti ọkọ̀ síwájú: 900 àti 50 jẹ́ 950. Bí a bá fi ìyẹn pín in, kò pé wákàtí 9. Wákàtí kan gbáko ni ẹ̀fúùfù kékeré yẹn fi yà wọ́n.

Mo mọ̀ pé ọmọdé kan yóò béèrè pé, “Ṣé ayé kò ń yí sí ìlà oòrùn ni? Kí ló dé tí ọkọ̀ kò kàn dúró sójú kan lókè, kí New York yí wá bá a?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà tí o bá tún wọ mọ́tò tí ń lọ geere, ju ọsàn rẹ sókè díẹ̀, kí o sì hán an. Ọwọ́ rẹ ni yóò padà sí, kò ní fò lọ sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí pé òun náà ń bá ọkọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ń bá ayé yí, ọkọ̀ òfurufú sì wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Ayé kò lè fi í sílẹ̀ lọ.

Ohun kẹta ni aago, níbẹ̀ ni àdììtú tíkẹ́ẹ̀tì wa sì wà. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Àwọn ọ̀mọ̀wé pín àyíká rẹ̀ sí dígírì 360. Bí a bá fi 24 pín 360, a ó rí 15: ìyẹn ni pé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, oòrùn a dàbí ẹni pé ó rin dígírì 15 láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ní ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Washington, wọ́n sì fi ẹnu kò pé ìlà tí ó gba Greenwich ní London kọjá ni kí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ìkà. Èkó fi dígírì 3 àti díẹ̀ wà ní ìlà oòrùn ìlà yẹn. New York fi nǹkan bí dígírì 74 wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 77. Bí a bá fi 15 pín in, ó lé díẹ̀ ní 5. Nítorí náà, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí wa ní Èkó, yóò tó wákàtí 5 àti díẹ̀ sí i kí ó tó dé àtàrí àwọn ará New York.

Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń pàṣẹ fún aago. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich ní gbogbo ọdún. Ti New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìgbà òtútù. Nítorí náà aago wa ṣáájú tiwọn ní wákàtí 6. Láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé láti ọdún 2007, wọ́n a ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè pẹ́ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ní àwọn oṣù wọ̀nyí, wákàtí 5 ni a fi ṣáájú wọn.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé jíjìn ọ̀nà nìkan ni ó ń yí aago padà. London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà sí Èkó, ọkọ̀ òfurufú sì ń lò tó wákàtí 6 àti ààbọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, wákàtí kan péré ni a fi ṣáájú wọn ní ìgbà òtútù, ní ìgbà ooru aago wa àti tiwọn a sì dọ́gba. Kí ló fà á? Àríwá ni ẹni tí ń lọ sí London kọjú sí, kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé oòrùn. Ẹni tí ó bá lọ sí ìwọ̀ oòrùn tàbí sí ìlà oòrùn ni ó gbọ́dọ̀ tún aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe gidigidi.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a tú àdììtú wa. Àkókò tí a kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ ti ìlú tí ọkọ̀ wà nígbà náà: aago Èkó ni a fi kọ ìgbéra, aago New York ni a fi kọ ìgúnlẹ̀. Agogo 4 ààbọ̀ ìdájí ní New York jẹ́ agogo 10 ààbọ̀ àárọ̀ ní Èkó. Láti agogo 11 alẹ́ títí di agogo 10 ààbọ̀ àárọ̀, wákàtí 11 àti ààbọ̀ ni. Ní àbọ̀, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ní New York jẹ́ agogo 10 alẹ́ ní Èkó. Láti ìgbà náà di agogo 8 ààbọ̀ àárọ̀, wákàtí 10 àti ààbọ̀ ni. Ẹ rí i pé àlọ ni ó pẹ́ jù lóòótọ́, ẹ̀fúùfù ni ó sì fà á.

Ẹ tún wo ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìṣirò yìí. Ẹ ro iye tí a kọ́kọ́ fi ìka kà pọ̀: 5 àti ààbọ̀, pẹ̀lú 16 àti ààbọ̀, jẹ́ 22. Ẹ wá ro iye tòótọ́ pọ̀: 11 àti ààbọ̀, pẹ̀lú 10 àti ààbọ̀, jẹ́ 22. Ọgbọọgba ni! Wákàtí 6 tí ó dàbí ẹni pé a rí he ní àlọ, a san án padà ní àbọ̀, kò lé, kò dín. Bí ẹnikẹ́ni bá fi tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ hàn yín, tí wọn kò sì yí aago ìlú kankan padà láàárín ìgbà náà, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi 2 pín in. Ẹ ó mọ bí ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ti rí láìbéèrè aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó ń sáré ju oòrùn lọ. Concorde ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 1977 di 2003, ó ń gbé èrò láti London lọ sí New York ní nǹkan bí wákàtí 3 àti ààbọ̀. Nítorí pé aago London fi wákàtí 5 ṣáájú ti New York, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní agogo 10 ààbọ̀ àárọ̀ lè sọ̀ ní nǹkan bí agogo 9 àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ẹ gbọ́ o, ó dé kí ó tó kúrò! Ṣùgbọ́n kò fi wákàtí kan kún ọjọ́ ayé ẹnikẹ́ni. Aago ni ó yí padà, ara kò yí.

Ara ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn tí ń lọ sókè òkun ń wọ̀. Ọkọ̀ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láàárín Èkó àti Liverpool. Àwọn tí ó bá sì wọ ọkọ̀ omi lọ sí ìwọ̀ oòrùn, atukọ̀ a máa fa aago sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà, ara wọn a sì bá a lọ. Ọkọ̀ òfurufú kò fún ara ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Aago kan wà nínú ara wa tí ń sọ ìgbà oorun àti ìgbà oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ni ó sì ń tún un ṣe. Ẹni tí ó bá dé New York lóru òní, ojú rẹ̀ yóò là kedere ní agogo 1 òru, nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Èkó tí ara rẹ̀ mọ̀. Ó tó bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ara tó bá ìlú tuntun mu. Kí ẹni náà máa jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó sì sùn nígbà tí ará ìlú bá sùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni kí ẹ mú relé. Èkíní, kí ẹ tó ka wákàtí, ẹ sọ àkókò méjèèjì di ti ìlú kan ṣoṣo. Èkejì, ẹ wo ọjọ́ tí a kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kúrò ní New York ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ lọ pàdé rẹ̀ ní Èkó. Bí ó bá sì máa wọ ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, wákàtí tí yóò fi dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń lo oògùn tí a ń ka wákàtí fún, bí èyí tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó gbéra, kí ó mọ aago tí yóò máa tẹ̀lé. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin òbí, agogo 7 àárọ̀ tí ẹ jí tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín, agogo 1 òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìgbà òtútù. Fóònù tí ó bá dún ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ìròyìn òfò ni ọmọ tí ó wà lájò máa ń kọ́kọ́ rò. Ẹ ní sùúrù di ọ̀sán, kí ìkíni yín lè jẹ́ ayọ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín nìyí. Ọkọ̀ kan gbéra ní Èkó ní agogo 10 alẹ́ nínú oṣù keje ọdún, ó sì lo wákàtí 11 kí ó tó dé New York. Agogo mélòó ni wọ́n lù níbẹ̀ nígbà tí ó gúnlẹ̀? Bí ẹ bá rí agogo 4 ìdájí, ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹ bá rí agogo 3, ẹ ti gbàgbé pé ìgbà ooru ni. Ẹ tún un kà.